Olóògbé Ojú Kọ̀ǹpútà

Àdúgbò wa ní Lásunwọ̀n, lápá Ìkòròdú, ní yàrá kọ̀ǹpútà aráàlú, aráàlú sì ni ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Wọ́n kọ "Yàrá Kọ̀ǹpútà Aráàlú" gàdàgbà sára ògiri, wọ́n wá gbé àgádágodo tó tó orí ọmọ tuntun há ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọwọ́ Alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì ni Alága, èèyàn dáadáa sì ni, àmọ́ ó gbà tọkàntọkàn pé ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá lò kò lè bàjẹ́.

Ọ̀rá tí wọ́n fi wé àwọn kọ̀ǹpútà náà wá láti ṣọ́ọ̀bù ṣì wà lára wọn. Ó ti pọ́n, ó ti ya, eruku ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé lọ jókòó. Ẹ má sì wí pé kí wọ́n ṣí i. Wọ́n á ní tuntun ni.

Ẹ̀bùn ni àwọn ẹ̀rọ yẹn. Bàbá kan, ọmọ Ẹ̀pẹ́, tó ṣòwò ní Lásunwọ̀n nígbà èwe rẹ̀ kí ó tó padà sílé lọ gbéyàwó, ló rà wọ́n fún wa nígbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Olùkọ́ ni ìyàwó náà. Orúnkún ń yọ bàbá lẹ́nu, kò lè wá síbi ayẹyẹ ṣíṣí yàrá, ló bá fi àwòrán ránṣẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, ẹni tó gbà pé òun mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà nítorí pé ó ní fóònù ńlá, gbé àwòrán náà sójú gbogbo ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tan ọ̀kankan, tí Ọlọ́run sì fún yín ní sùúrù, obìnrin kan tó wọ jígí á yọ sí yín, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "Sùn re o, olùkọ́ àtàtà."

Iwájú rẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìpàdé. A ó tan ẹ̀rọ kan, a ó dúró dè é, Pásítọ̀ á gbàdúrà fún un lóṣù yìí, Ààfáà á gbà á lóṣù tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, kí ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó má ṣe padà wá dẹ́rù bà wá. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, Alága ló máa ń fi kún un.

Ẹnu mi ló kó bá mi. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń jí kí àkùkọ tó kọ, láti ẹ́sítéètì wa ní Ìkòròdú dé Erékùṣù Èkó, tí mo ń tún kọ̀ǹpútà báńkì ṣe. Nígbà tí mo fẹ̀yìntì, mo ní mo fẹ́ sinmi, mo wá ṣèèṣì sọ iṣẹ́ tí mo ṣe fún ìyàwó Alága níbi tí a ti ń ra ẹ̀fọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti fi mí joyè Olùdámọ̀ràn lórí Kọ̀ǹpútà. Nínú ẹgbẹ́ wa, olùdámọ̀ràn ni ẹni tí wọ́n máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó ṣe òdì kejì rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni ìdí tí àwọn ẹ̀rọ náà fi lọ́ra. Wọ́n lọ́ra lóòótọ́. Pásítọ̀ sọ fún mi, láìrẹ́rìn-ín, pé òun ti ka Sáàmù kọkàndínlọ́gọ́fà tán rí láàárín ìgbà tí òun tẹ ẹ̀rọ àti ìgbà tí ojú olóògbé yọ. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀mí òkú ló ń fà á. Ètò kan wà nínú kọ̀ǹpútà tó máa ń jí ṣáájú ohun gbogbo, òun ló ń pàṣẹ fún ìyókù, òun náà ló sì ti wúwo ju agbára ẹ̀rọ lọ. Lọ́dọọdún ni àwọn tó ṣe é ń bù kún ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ tiwa ń darúgbó. Nígbà tó yá, wọ́n kéde pé àwọn ò ní tún èyí tó wà nínú rẹ̀ ṣe mọ́, ká lọ gbé tuntun. A gbé tuntun dé. Tuntun wo ẹ̀rọ wa tòkètilẹ̀, ó ní òun ò lè gbé nírú ilé báyìí.

Mo ní kò burú. Àwọn ètò fífúyẹ́ wà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n, irú ẹ̀rọ àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ ṣe wọ́n. Mo dán mẹ́ta wò nílé, mo kó wọn lọ sípàdé. Àṣìṣe mi ni pé mo fi àmì ara wọn hàn wọ́n. Àwọn tó ṣe wọ́n ti ya ajá sára ọ̀kan, wọ́n ya eku sára ìkejì, wọ́n ya ẹyẹ sára ìkẹta.

Mo ti múra láti sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára tó. Kò sẹ́ni tó bi mí. Ààfáà ní òun ò bá ajá jà o, àmọ́ ṣé á máa wo òun tí òun bá ń gbàdúrà? Pásítọ̀ ní yàrá tó kún fún wáyà, ta ló ń pe eku wọ ibẹ̀? Ó ku ẹyẹ. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́kàn mi nígbà tí ìyá tó jẹ́ akápò wa dìde.

"Mádàámù, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "irú ẹyẹ wo ni? Ṣé ẹyẹ ọ̀sán ni àbí ẹyẹ òru?"

Mo ní ẹyẹ kékeré kan tó ń mu omi òdòdó ni. Ó ní àwọn yẹn náà kì í tóbi. Alága wá bi mí pé èló ni wọ́n ń tà á, mo ní ọ̀fẹ́ ni. Ó wo àwọn yòókù, ó rọra mi orí.

"Ta ló ń fúnni ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí?"

Wọ́n ní kí n fi sílẹ̀ ná, àwọn á tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Jíjókòó ni ohun tí ẹgbẹ́ wa mọ̀ ọ́n ṣe jù.

Ibi tí wọ́n jókòó dé nìyẹn tí obìnrin kan fi wá kan ilẹ̀kùn mi. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni, ó háyà yàrá kan lápá Agric, ó sì ń di bisikíìtì sínú páálí ní ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó wà ní Ìkòròdú níbí. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ dà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò ìwọlé, ó sì ti ṣe é lọ́dún tó kọjá, kò yege.

"Mọ̀mí, mo mọ ìdáhùn," ó sọ fún mi. "Máòsì yẹn ni ò dúró. Bí mo bá fẹ́ tẹ ọ̀kan, á bọ́ sórí ìkejì. Mi ò tíì dáhùn ìdajì tí wọ́n fi ní àkókò ti tán."

Ìdánwò tọdún yìí ti ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tí èyí bá tún bọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti kọjá iye tí iléèwé náà ń gbà, ó parí nìyẹn. Kò ní kọ̀ǹpútà, kò mọ ẹni tó ní in. Ó ti rí àkọlé ara ògiri wa, ó sì rò pé òun náà wà lára aráàlú.

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Mo lọ bá Alága, mo ní mo fẹ́ gbá eruku yàrá, ó yá mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo mú ètò ẹlẹ́yẹ dání nínú fìláṣì. Ohun tó dáa nípa àwọn ètò fífúyẹ́ yìí ni pé èèyàn lè jí wọn láti inú fìláṣì, kí wọ́n ṣiṣẹ́ wọn jẹ́jẹ́ láì fọwọ́ kan ohunkóhun tó wà nínú ẹ̀rọ. Bí o bá yọ fìláṣì, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà. Mo ya ọ̀rá kúrò lára ẹ̀rọ kan, mo ki fìláṣì bọ̀ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Kí n tó fa àga, ó ti jí. Kò sí ojú òkú níbẹ̀, ẹyẹ kékeré kan ló wà ní kọ̀rọ̀. Obìnrin náà jókòó, ó di máòsì mú bí ẹni di akàn mú. Mo kọ́ ọ bí a ṣe ń rọra gbé ọwọ́ lé e. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, ìdáhùn tó fẹ́ ló ń tẹ̀, kì í ṣe aládùúgbò rẹ̀ mọ́.

Akọ̀wé ló já lù wá. Kò wo obìnrin náà, kò wo ìbéèrè tó ń dáhùn. Ojú kọ̀ǹpútà ló wò, ó sì wò ó pẹ́.

"Mádàámù," ó ní, "Mọ̀mí olóògbé dà?"

Mo ní ó wà nínú ẹ̀rọ, kò lọ síbì kan. Mo yọ fìláṣì, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Àtúnṣe kan ti wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹ̀rọ yẹn láti ìgbà pípẹ́, kí àwọn tó ṣe é tó pa á tì. Ọjọ́ yẹn ló wá yàn láti ṣe é. Ó kọ ọ́ sójú pé òun ń tún ara òun ṣe, ká má pa òun, nǹkan róbótó kan sì ń yí po. A dúró. Ó ń yí. Akọ̀wé pe Alága, Alága dé, ó ń yí. Pásítọ̀ dé, Ààfáà dé, ìyá akápò dé, ó ń yí. Gbogbo ìgbìmọ̀ ló fojú ara wọn rí i pé olóògbé ti lọ, wọ́n sì rí ẹni tó jókòó síwájú ẹ̀rọ nígbà tó lọ. Mo ní ojú rẹ̀ ṣì wà lórí gbogbo ẹ̀rọ yòókù, kí wọ́n lọ wò ó.

Ìyá akápò ní, "Bí wọ́n ṣe máa ń kúrò náà nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni."

Wọ́n ṣe ìpàdé lórí ìdúró. Ìpinnu kìíní: kí wọ́n ti yàrá pa títí di ìgbà tí a kò mọ̀. Ìpinnu kejì: ká lọ bẹ olóore wa ní Ẹ̀pẹ́, nítorí a kì í ba ẹ̀bùn jẹ́ ká má sọ fún ẹni tó fúnni. Ìpinnu kẹta: kí ọ̀daràn tẹ̀ lé wa. Ọ̀daràn náà, obìnrin tó fẹ́ dà nọ́ọ̀sì, fà mí lápá nígbà tí wọ́n ń gbé àgádágodo padà sẹ́nu ilẹ̀kùn, ó bi mí bóyá wọ́n á ṣí i kí ìdánwò tó dé. Mo ní wọ́n á ṣí i. Mi ò gba ara mi gbọ́.

Ọjọ́ Sátidé la lọ. Pásítọ̀ àti Ààfáà fohùn ṣọ̀kan, ohun tí mi ò rí rí, pé ilé làwọn á ti máa fi àdúrà ràn wá lọ́wọ́. Alága ló wa mọ́tò rẹ̀, Akọ̀wé jókòó síwájú pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì lórí itan. Èmi, ìyá akápò àti obìnrin náà wà lẹ́yìn. Iṣẹ́ alẹ́ ló ti ń bọ̀, oorun ń gbé e lọ, ó ń gbé e bọ̀. Títí a fi kọjá Ìtòìkín ni Alága ń dán ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. "Bàbá, ẹ má bínú, ọmọdé ló ṣe é." Èmi ni ọmọdé. Mo ti ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta.

Ilé bàbá kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Wọ́n ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, èéfín sì bo gbogbo àgbàlá. Akọ̀wé gbé páálí mọ́ọ̀tì rẹ̀ síwájú, ó kágò. Ẹnì kan dáhùn nínú èéfín pé àgò yà. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan jáde láti inú èéfín yẹn, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró nu ọwọ́. Ó wọ jígí. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí wa.

Òun ni. Ojú yẹn, jígí yẹn, ẹ̀rín yẹn.

Páálí mọ́ọ̀tì bọ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. "Àkúdàáyà," ló sọ, ohùn rẹ̀ ò sì ju ti ẹ̀fọn lọ. Ìyá akápò pe Jésù, nígbà tó yá ó pe Ọlọ́hun tàwọn Ààfáà mọ́ ọn, kó má baà ku apá kan. Alága tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì fi ẹ̀yìn rìn, ó wọ mọ́tò, ó sì yí gíláàsì sókè nínú oòrùn yẹn. Ẹ̀rù ba èmi náà, kí n má purọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì bá ara mu lójú wọn: ó kúrò lójú kọ̀ǹpútà ní Lásunwọ̀n lọ́jọ́ Túsìdè, ó ti ń yan ẹja ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, bí àwọn òkú tó ń lọ fìdí kalẹ̀ sílùú mìíràn ṣe máa ń ṣe. Obìnrin tó ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ nìkan ló kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ma." Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé kò sí agbára tí òun á fi sá.

"Ta lẹ̀ ń wá?" òkú bi wá.

Bàbá fi ọ̀pá rìn jáde. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún wọn bí àwòrán olóògbé ṣe kúrò lójú ẹ̀rọ. Bàbá ní kí wọ́n fi àwòrán tí à ń sọ han òun. Akọ̀wé na fóònù sí i. Bàbá wò ó, ó wo obìnrin ẹlẹ́ja, ó tún wò ó.

"Àbúrò ìyàwó mi nìyí," ó ní. "Òun ló ń tọ́jú mi. Àwọn méjèèjì ló wà nínú àwòrán tí mo fi ránṣẹ́. Ta ló gé ìyàwó mi dànù?"

Akọ̀wé ní òun ni, sà. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn nílò, òun sì mú èyí tó wọ jígí, nítorí olùkọ́ ló máa ń wọ jígí.

Obìnrin ẹlẹ́ja gba fóònù. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ojú rẹ̀ sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì.

"Ó tó ìgbà wo tí mo ti kú ní Ìkòròdú?"

Ìyá akápò, kó lè bá wa tún un ṣe, ní, "À ń gbàdúrà fún yín dáadáa, ma. Lóṣooṣù ni."

"Àdúrà wo?"

"Pé kí ilẹ̀ ó dẹ̀ fún yín."

Ó jókòó sórí àpótí ẹ̀gbẹ́ iná, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ jígí nu ojú. Ọ̀rọ̀ tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Nígbà tó rín in tán, ó bi wá pé kí ló wá dé tí a fi rí òun pé òun ti kúrò lójú ẹ̀rọ. Mo sọ ti ìdánwò fún un, mo sọ ti máòsì, mo sọ ti ọjọ́ orí, mo sọ pé wọ́n ti ti yàrá. Ó wo obìnrin tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí ohùn rẹ̀ fi há," ó ní. "Mi ò rí ẹni tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀ tó lé padà. Orúkọ rẹ̀ lẹ wá ń fi ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn? Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Akọ̀wé nawọ́ sí mọ́tò. Obìnrin ẹlẹ́ja dìde, ó lọ sídìí mọ́tò, ó fi ìka kan gíláàsì. Alága di ojú. Ó tún kan án. Gíláàsì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, bí ẹnu àpótí owó ọrẹ, kọ́kọ́rọ́ sì yọ jáde níbẹ̀, ojú Alága ò là títí òkú fi gbà á. Ó mú un wá, ó fi lé ọwọ́ obìnrin tó fẹ́ ṣe ìdánwò, kò fi lé èmi olùdámọ̀ràn lọ́wọ́. Akọ̀wé ní òun á wá àwòrán olóògbé gan-an gbé síbẹ̀ kíákíá. Bàbá ní rárá.

"Ẹ má gbé ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́," ó ní. "Ìyàwó mi kò wúwo tó báyẹn, tí ẹ ó fi máa fi í ti ilẹ̀kùn."

Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e tó tán, mo ti gbé ètò ẹlẹ́yẹ sórí gbogbo ẹ̀rọ, kò sì sẹ́ni tó tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Mo ya ọ̀rá dànù. Alága dúró tì mí, ó ń wo ọ̀rá bó ṣe ń bọ́ bí ẹni ń wo òkú ẹbí rẹ̀, àmọ́ kò sọ nǹkan kan. Ojoojúmọ́ ni obìnrin náà ń wá bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e wọlé.

Ó ṣe ìdánwò náà. Nígbà tí èsì jáde, ó lè wò ó lórí fóònù ẹnikẹ́ni, ó kọ̀, ó ní ìdí ẹ̀rọ tí òun ti kọ́ ọ lòun ti fẹ́ mọ̀ ọ́n. Èmi wà níbẹ̀, ìyá akápò wà níbẹ̀, Alága dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Ó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ síbẹ̀, ó tẹ ibi tó yẹ kó tẹ̀, máòsì ò yẹ̀. Ó wá di ojú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Láyé olóògbé, bí ẹ̀rọ ṣe lọ́ra tó, ì bá ráyè gbà á tán, ì bá sì bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ẹbí rẹ̀ ní Ọ̀ṣun. Mo fọwọ́ kàn án léjìká. Ó lajú.

Ó ti wà níbẹ̀. Wọ́n ti gbà á.

Kò pariwo. Ó kà á, ó tún un kà, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ṣì wà ní títẹ́, omi sì ń dà lójú rẹ̀ sínú wọn. Ó yíjú sí mi.

"Mọ̀mí," ó ní, "mi ò tíì ṣe àmín."

Alága ló kọ́kọ́ bá a ṣe é, láti ẹnu ọ̀nà.